Àlọ àti Àbọ̀ Ohùn Gìtá

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn onígìtá ayé òde òní kò yé jiyàn lé lórí, èyí ni ti ibi tí ó yẹ kí a fi ẹ̀rọ méjì kan sí lójú ọ̀nà tí ohùn ń tọ̀ láti ìka atagìtá títí dé ẹnu sípíkà: èkíní ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní delay, èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní reverb. Ó dá mi lójú pé a kò lè fi èdè Yorùbá la ọ̀ràn náà yé ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ bí a kò bá kọ́kọ́ sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí ní orúkọ tí ó bá ìṣe wọn mu. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé tí èmi yóò sì wò ni etí ẹni tí ń gbọ́ orin.

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè yóò rí i pé ìdádúró ni wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí, orúkọ náà kò sì yẹ ẹ́ rárá. Ohùn tí atagìtá ta kò dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó ti ta á ni a gbọ́ ọ. Ẹ̀dà rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà pa mọ́ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, tí ó wá gbé e jáde lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ ti kọjá. Àwọn baba wa mọ ìṣe yìí dáadáa, gbohùngbohùn ni wọ́n sì pè é: ìró a máa rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹni tí ó bá ké ní mítà 17 sí ẹsẹ̀ àpáta yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà lẹ́yìn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Èmi ì bá fi orúkọ àtijọ́ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù: òun ni a fi ń pe ẹ̀rọ tí olóyè ń sọ̀rọ̀ sí lórí pèpéle, òun ni a tún fi ń pe sípíkà fúnra rẹ̀, òun sì ni ìwé ìròyìn kan tí ó lókìkí ní Ìbàdàn fi ṣe orúkọ. Nítorí náà ni mo ṣe mú àsọtúnsọ. Ọmọ Yorùbá tí ó ti gbà tipẹ́ pé ìlù ń fọhùn kò ní rí i bí ohun àjèjì pé gìtá sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rọ kan sì tún un sọ.

Ti èkejì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí àsọtúnsọ ti ṣeé kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí kò ṣeé kà. Àìmọye ìró tí ó ti ara ògiri, àjà àti ilẹ̀ padà wá ni, wọ́n fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò lè yà wọ́n, wọ́n sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí okùn gìtá ti dákẹ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pè é ní ìkúnlé, nítorí pé ó ń kún ilé, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ abiyamọ wà nítòsí, kò sì yẹ kí a da ọ̀rọ̀ tí ó wúwo bẹ́ẹ̀ rú. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe ilé nìkan ni ó ń mú un wá. Laurens Hammond ti fi sípírínǹgì ṣe é fún dùùrù rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ Fender tó fi sínú àpótí kan fún àwọn onígìtá ní ọdún 1961. Wáyà wíwé tí ń gbọ̀n nínú páànù kékeré kò ní ògiri, kò ní àjà. Àṣẹ́kù ìró ni mo wá pè é, nítorí pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tàbí nínú páànù, ohun tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí olóhùn ti panu mọ́ náà ni.

Wàyí o, ẹ̀rọ tí à ń pè ní ámúpù, tí èmi yóò pè ní agbóhùnsókè, ní abala méjì. Abala ìṣáájú ni ó ń gba ohùn tín-ín-rín tí ó ti inú gìtá wá, òun náà ni ó sì ń mú un bú ramúramù bíi kìnnìún ọlọ́là ijù bí a bá yí i kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Abala ẹ̀yìn ni ó ń fún un ní ipá tí yóò fi mi sípíkà. Láàárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ agbóhùnsókè ti ní ihò méjì, ọ̀kan tí ohùn ń gbà jáde, ọ̀kan tí ó ń gbà wọlé padà. Àwọn ihò wọ̀nyí kò nílò orúkọ tuntun kankan: àlọ àti àbọ̀ ni wọ́n, inú mi sì dùn gidigidi sí èyí, nítorí ìtumọ̀ ọ̀ràn náà pátápátá wà nínú òwe tí ó ní àlọ ni ti ahun, àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Àsọtúnsọ kan náà ni yóò jẹ̀bi níwájú, tí yóò sì gba àre lẹ́yìn. Abala tí ń bú a máa tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, a máa gbé ohùn kékeré sókè, títí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí àsọtúnsọ bá ti wà níwájú rẹ̀, ẹ̀dà tí ó yẹ kí ó máa rẹlẹ̀ yóò máa bá ohùn àkọ́kọ́ du ipò. Èyí tí ó burú jù ni pé ohùn méjì tí ó bá wọ inú bíbú pọ̀ yóò bí àwọn ohùn mìíràn tí atagìtá kò fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá so ó mọ́ àlọ àti àbọ̀, ohùn ti bú tán kí a tó tún un sọ, ẹ̀dà náà á sì mọ́.

Ọ̀ràn yìí kan àwa tí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ohùn jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Láti nǹkan bí ọdún 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti mú gìtá oníná wọ inú jùjú, gìtá ń pòwe, ó sì ń ki oríkì. Bí ohùn méjì bá sì dàpọ̀ nínú bíbú, ta ni yóò mọ igbá yàtọ̀ sí ìgbà? Àwọn àgbà wa nínú orin kò kó sínú ewu náà, nítorí pé ohùn gìtá wọn mọ́ gaara: ẹni tí ó bá gbọ́ Synchro System tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1983 yóò gbọ́ bí gìtá kọ̀ọ̀kan ti dá dúró láìfi ara bo èkejì. Níbi tí kò bá sí bíbú, iwájú kò ní ewu. Níwájú ni wọ́n ń so àpótí Fender ti ọdún 1961 mọ́, òun ni Dick Dale àti àwọn onígìtá etíkun Kalifọ́níà sì lò. Níwájú náà ni The Edge, atagìtá U2, ń fi àsọtúnsọ sí, nítorí pé agbóhùnsókè Vox AC30 rẹ̀ kì í bú ju ìwọ̀nba lọ.

Ní ti méjèèjì síra wọn, èmi a máa fi àsọtúnsọ ṣíwájú àṣẹ́kù. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀: gbólóhùn ni a ń tún sọ, inú ilé ni a ti ń sọ ọ́, bí a bá yí i padà, ilé odidi ni ẹ̀rọ yóò máa tún sọ, ariwo rẹ̀ a sì bo ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń fẹ́ ariwo náà fún orin tí kò ní ìlù, n kò sì bá wọn jà.

Ó ku agbóhùnsókè àtijọ́ tí ó jẹ́ pé abala ẹ̀yìn gan-an ni ó ń bú. Àlọ àti àbọ̀ kò ran irú èyí lọ́wọ́, nítorí pé iwájú bíbú náà ni wọ́n ṣì wà. Kí ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ gbé máíkì sí ẹnu sípíkà, kí ó jẹ́ kí ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìpohùnpọ̀ fi àsọtúnsọ àti àṣẹ́kù kún un níbẹ̀.