Kíkọ́ ọmọdé ní ẹja pípa ní Ẹgbẹ́dá

Kíkọ́ ọmọdé ní ẹja pípa ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, tí ó wà ní ìlà-oòrùn Ìbàdàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jẹ́ ọ̀nà tí àgbàlagbà ń gbà fi odò, ẹja àti ìwọ̀ han àwọn ọmọ kéékèèké. Ìwọ̀ àti okùn lórí ọ̀pá oparun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọ̀n, ìgèrè àti ọkọ̀ ojú omi ń béèrè agbára tí ọmọ ọdún 5 sí 10 kò tíì ní. Ẹgbẹ́dá yìí kì í ṣe èyí tí ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀

Odò Ọ̀ṣun ni odò ńlá agbègbè náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé e ní Aṣẹ́jìrẹ́, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí Ìbàdàn lójú ọ̀nà Ifẹ̀, kí àwọn ará ìlú lè rí omi mu. Adágún tí ìsédò náà mú wá di ibi iṣẹ́ àwọn apẹja, wọ́n sì máa ń ta ẹja lẹ́bàá títì níbẹ̀. Odò kan náà ni ó ń gba inú igbó Ọ̀ṣun kọjá ní Òṣogbo, èyí tí UNESCO fi kún àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja, nítorí pé ti òrìṣà ni ẹja inú rẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí a fi ń pa á ní Aṣẹ́jìrẹ́ tí a kì í pa á ní Òṣogbo, ó yẹ kí a dá a lóhùn dáadáa, nítorí ìbéèrè gidi ni.

Adágún Aṣẹ́jìrẹ́ kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ lè jìn lójijì ní etí adágún, ibi tí omi ti ń ya jáde lára ìsédò sì léwu fún àgbàlagbà pàápàá. Ìṣàn kékeré tí ó ń gba inú oko kọjá sàn jù, níbi tí omi kò ti ga ju orúnkún ọmọ lọ. Èyí tí ó tún sàn jù ú lọ ni adágún ẹja àtọwọ́dá, bí olówó rẹ̀ bá gbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sin àrọ̀ ní àyíká Ìbàdàn, Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá sì ní ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ẹja sísìn. A mọ bí irú adágún bẹ́ẹ̀ ṣe jìn tó, ẹja sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kókó nìyí, nítorí pé ọmọ tí kò bá rí ohunkóhun mú láàárín wákàtí kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta sínú omi.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ni ó dára jù. Ní ìgbà òjò, òjò tí ó rọ̀ ní òkè odò, tí ẹnikẹ́ni kò rí níbi tí a jókòó sí, lè mú kí ìṣàn kún ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìkún omi Ògùnpa tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìbàdàn ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Oṣù kẹjọ kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òjò máa ń sinmi díẹ̀.

Irinṣẹ́ àti ìjẹ

Oparun gbígbẹ tí kò wúwo ni ọ̀pá. Kí okùn rẹ̀ má gùn ju ọ̀pá lọ, kí ìwọ̀ lè padà sí ọwọ́ ọmọ nígbà tí ó bá gbé ọ̀pá sókè. Èérún fóòmù tí a gé lára sálúbàtà àtijọ́ yóò léfòó lórí omi láti fi hàn bí ẹja bá ti fọwọ́ kan ìjẹ, òjé kékeré yóò sì fa ìwọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìwọ̀ kékeré ni kí a lò, kí a sì fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tí ó wà nítòsí ṣóńṣó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹja kan tàbí méjì lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀ tí a tẹ̀ báyìí rọrùn láti yọ lára ìka. Bí ìwọ̀ tí a kò tẹ̀ bá wọ ẹran ara jinlẹ̀, kí a má ṣe fà á. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ lọ.

Ìjẹ ni oúnjẹ tí a fi ń tan ẹja. Ekòló ni ó gbajúmọ̀ jù, ibi tí ilẹ̀ ti tutù lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ ni a sì ti ń wú u. Ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ràn wíwú ekòló ju pípa ẹja fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀bà tí a rún mọ́ra tàbí búrẹ́dì náà dára fún ẹ̀pìyà.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí Yorùbá ń lò níhìn-ín ni *dẹ*: a ń dẹ ìwọ̀, a ń dẹ àwọ̀n, a ń dẹ tàkúté, ẹni tí ó sì ń dẹ ìgbẹ́ ni ọdẹ. Ìtumọ̀ tí ó wà nínú gbogbo wọn ni pé a gbé nǹkan kalẹ̀, a sì dúró dè é. Dídúró yìí gan-an ni ó ṣòro jù fún ọmọdé.

Bí a ṣe ń ṣe é

Kí a kọ́ ọmọ láti sọ ìwọ̀ kalẹ̀ sínú omi jẹ́jẹ́, kì í ṣe láti fì í, nítorí pé ojú ọmọ kejì ni ìwọ̀ tí a fì máa ń wá. Kí àyè ọ̀pá kan ó kéré tán wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Àgbàlagbà tí ó kó wọn lọ kò gbọdọ̀ dẹ ìwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ń wo fóòmù tirẹ̀ kò wo ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí omi ń gbé lọ kì í sábà lè pariwo. Ó lè rì ní ìdákẹ́jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọmọ méjì ti tó fún àgbàlagbà kan.

Bí fóòmù bá rì pátápátá, kí ọmọ gbé ọ̀pá sókè láìjà á. Aṣọ tútù ni a fi ń di ẹja mú. Ẹ̀pìyà ní ẹ̀gún lẹ́yìn. Àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ní tiwọn lára lẹbẹ ẹ̀gbẹ́, ó sì máa ń dunni púpọ̀. Òjìjí yàtọ̀: agbára iná mànàmáná ń bẹ lára rẹ̀, nítorí náà ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́, ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́ kí ó tó kú nínú korobá. Àwọn irú ẹ̀pìyà kan máa ń kó ẹyin àti ọmọ wọn sẹ́nu; bí ọmọ bá rí irú rẹ̀ mú, kí ó dá a padà sínú omi kíákíá.

Àìsàn àti òfin

Nínú omi tí kò ṣàn dáadáa, kòkòrò àtọ̀sí ajá, àìsàn tí ń mú kí ènìyàn tọ ẹ̀jẹ̀, máa ń jáde láti ara ìgbín omi, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni kí ọmọ ti máa dẹ ìwọ̀, láìtẹsẹ̀ bọ omi. Oògùn praziquantel ni wọ́n fi ń wò ó ní ilé ìwòsàn.

Àwọn kan máa ń da Gamalin 20, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí kòkó nígbà kan rí, sínú odò kí ẹja lè kú léfòó. Òfin ẹja pípa nínú omi ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1992 kò gba kí a fi májèlé, ohun abúgbàù tàbí iná mànàmáná pa ẹja. Bí a bá bá ọ̀pọ̀ ẹja tí ó ti kú lórí omi, kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọ ṣa èyíkéyìí nínú wọn.