Dharma, Karma àti Moksha: Ìtàn Ìyípadà Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Kókó Inú Ẹ̀sìn Híńdù

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí orúkọ ṣe ní ilé tí ó ti jáde wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀sìn ṣe ní ìtàn tí ó bí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa ẹ̀sìn àgbáyé máa ń bá ọ̀rọ̀ bíi dharma, karma, samsara àti moksha pàdé nínú ìwé. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀ ni pé dharma ni ẹ̀sìn, karma ni àyànmọ́, samsara ni àtúnwá, moksha sì ni ìgbàlà. Irú àkọsílẹ̀ yìí rọrùn láti kọ́ sórí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú ìtumọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà tí ó kún tó.

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi hàn pé ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò dúró sójú kan láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Àlùfáà, ọba, onímọ̀, adájọ́ àti àwọn tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti lò wọ́n, tí oníkálukú sì fún wọn ní ìtumọ̀ tí ó bá ìgbà àti èrò rẹ̀ mu. Dharma ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ni a ó sì padà sí, nítorí pé òun ni àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù lọ.

Orúkọ Híńdù

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé orúkọ tí a ń pe ẹ̀sìn yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ẹlẹ́sìn náà sọ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Sindhu ni èdè Sanskrit ń pe odò ńlá tí ó ṣàn gba ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Pakistan lónìí kọjá. Àwọn ará Páṣíà ayé àtijọ́ pè é ní Hindu, nítorí pé ibi tí Sanskrit bá ti ní ìró s, h ni ó sábà máa ń wà níbẹ̀ nínú èdè tiwọn. Ilẹ̀ àti àwọn ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ní ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún sí ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọ̀mọ̀wé Íńdíà bíi Rammohun Roy bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn náà fẹ́ràn láti máa jẹ́ ni sanatana dharma, èyí tí ó túmọ̀ sí dharma ayérayé. Kí wá ni dharma?

Dharma láti inú Rigveda dé ọ̀dọ̀ Ashoka

Rigveda ni ó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ìwé mímọ́ Híńdù. Orin ìyìn 1,028 ni ó wà nínú rẹ̀, a sì pín in sí ìwé mẹ́wàá. Láàárín nǹkan bí ọdún 1500 sí 1000 kí a tó bí Jésù ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé a ṣẹ̀dá àwọn orin náà. Àtẹnudẹ́nu ni a fi ń kọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn babaláwo wa ṣe ń kọ́ ẹsẹ Ifá. Inú wọn ni a ti kọ́kọ́ rí dharman. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara rẹ̀ ni dhri, tí ó túmọ̀ sí kí a gbé nǹkan ró tàbí kí a di nǹkan mú. Ohun tí ó gbé ayé ró ni dharman nígbà náà, ìrúbọ sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn, rita, ni ó gbajúmọ̀ jù fún ètò tí oòrùn, òjò àti ìwà ọmọ ènìyàn ń tẹ̀ lé. Bí a bá fẹ́ wá àfiwé nínú èdè wa, òpó ilé súnmọ́ dharman ìgbà yìí ju ẹ̀sìn lọ.

Ọba Ashoka ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ìlú. Ó jọba ní nǹkan bí ọdún 268 sí 232 kí a tó bí Jésù. Lẹ́yìn ogun tí ó bá Kalinga jà, ó ní kí a gbẹ́ ẹ sára òkúta pé 100,000 ènìyàn ni a pa, 150,000 ni a sì kó kúrò nílẹ̀ wọn, àti pé ọ̀ràn náà dun òun. Dhamma ni èdè Prakrit inú àwọn òkúta wọ̀nyí ń pe dharma. Ẹlẹ́sìn Búdà ni Ashoka, ṣùgbọ́n ohun tí ó pè ní dhamma kò mọ sí ẹ̀sìn kan: kí ọmọ gbọ́ ti òbí rẹ̀, kí a ṣàánú ìránṣẹ́, kí a dín ẹran pípa kù, kí ẹlẹ́sìn kan má ṣe kẹ́gàn ẹlẹ́sìn kejì.

Ní ọdún 1958, a rí ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Kandahar, ní ilẹ̀ Afghanistan. Èdè Gíríìkì àti èdè Árámáíkì ni a fi kọ ọ́. Eusebeia ni ògbufọ̀ Gíríìkì lò fún dhamma, ìyẹn ni bíbọ̀wọ̀ fún àwọn òrìṣà àti fún àwọn tí ọ̀wọ̀ tọ́ sí. Ó hàn gbangba níbí pé ìṣòro títúmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní 2,200 ọdún.

Dharma gẹ́gẹ́ bí ojúṣe

Lẹ́yìn àsìkò Ashoka, àwọn àlùfáà Brahmin kó òfin ìwà jọ sínú oríṣiríṣi ìwé tí a ń pè ní dharmashastra. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ìwé Manu, tí a gbà pé a kọ láàárín sẹ́ńtúrì kejì kí a tó bí Jésù àti sẹ́ńtúrì kẹta lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Ìwé yìí pín àwùjọ sí ìpele ìbí mẹ́rin: àwọn Brahmin, àwọn Kshatriya tí í ṣe ọba àti jagunjagun, àwọn Vaishya tí í ṣe àgbẹ̀ àti oníṣòwò, àti àwọn Shudra tí iṣẹ́ tiwọn ni láti máa sin àwọn yòókù. Ojúṣe tí ìbí ẹni gbé lé ẹni lórí ni dharma dà nínú ìwé Manu. Nínú Bhagavad Gita, tí í ṣe apá kan ìtàn Mahabharata, Arjuna kọ̀ láti bá àwọn ẹbí rẹ̀ jagun. Ara ìdáhùn tí Krishna fún un ni pé jíjà lójú ogun ni dharma jagunjagun.

Karma àti samsara

Ọ̀rọ̀-ìṣe kri, tí ó túmọ̀ sí ṣe, ni orírun karma. Nínú àwọn Veda, iṣẹ́ ìrúbọ ni ó ń tọ́ka sí: àlùfáà tí ó bá ṣe ètùtù bí ó ti yẹ yóò rí èrè rẹ̀. Inú àwọn ìwé Upanishad ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti gbòòrò. Nínú Brihadaranyaka Upanishad, Artabhaga bi Yajnavalkya léèrè ohun tí ó kù lára ènìyàn lẹ́yìn ikú. Yajnavalkya fà á lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì sọ̀rọ̀ lórí karma láàárín ara wọn. Kókó ọ̀rọ̀ wọn ni pé iṣẹ́ rere ní í sọ ènìyàn di ẹni rere, iṣẹ́ búburú ní í sì sọ ọ́ di ẹni búburú. Bí wọ́n ṣe yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́ kí a lérò pé ẹ̀kọ́ náà kò tíì di ohun tí a ń sọ ní gbangba.

Níhìn-ín ni ó ti yẹ kí olùkọ́ Yorùbá ṣọ́ra. Àyànmọ́ ni ohun tí ẹ̀dá yàn tàbí tí a yàn mọ́ ọn kí ó tó dé ayé. Karma kì í ṣe yíyàn. Èso iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni, títí kan ti ayé tí ẹni náà ti gbé kọjá. Bí a bá ní kí a fi òwe ṣe àlàyé, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀ súnmọ́ karma dáadáa. Ṣùgbọ́n òwe tí ó sọ pé ẹni tó gbin èbù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé kò bá a mu, nítorí pé ẹni tí ó hùwà gan-an ni karma ń padà tọ̀.

Bákan náà ni samsara. Ṣíṣàn kiri ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Nígbà tí a bá sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé, ayọ̀ ni a fi ń kí ẹni tí ó padà wá, ilé rẹ̀ náà ni ó sì padà sí. Nínú samsara, ẹni tí ó kú lè padà wá sí ìdílé àjèjì, ó sì lè wá gẹ́gẹ́ bí ẹranko. Àjàgà ni ìpadàbọ̀ yìí jẹ́, kì í ṣe ohun tí a ń yọ̀ sí.

Moksha

Ọ̀rọ̀-ìṣe muc, tú sílẹ̀, ni ó bí moksha. Ìdáǹdè kúrò nínú samsara ni. Ọ̀rọ̀ méjì ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó lè lóye rẹ̀: atman, tí í ṣe ohun tí ó jẹ́ ènìyàn gan-an nínú lọ́hùn-ún, àti brahman. Nínú Rigveda, ọ̀rọ̀ mímọ́ tí ó ní agbára ni brahman. Nínú àwọn Upanishad, ó di ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Nínú Chandogya Upanishad, Uddalaka ní kí ọmọ rẹ̀, Shvetaketu, da iyọ̀ sínú omi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà kò rí iyọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ibi gbogbo tí ó ti tọ́ omi náà wò ni iyọ̀ wà. Bàbá fi èyí kọ́ ọ nípa ohun tí ojú kò rí tí ó sì wà nínú ohun gbogbo.

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí àjọṣe atman àti brahman. Shankara, ní nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹjọ, sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, àìmọ̀kan ni ó mú kí a rí wọn bí méjì. Ramanuja, ní sẹ́ńtúrì kọkànlá sí ìkejìlá, sọ pé ọkàn dà bí ara fún Ọlọ́run: wọn kò pínyà, wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan náà pátápátá. Madhva, ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, sọ pé wọ́n yàtọ̀ síra títí láé. Ìdí nìyí tí ìgbàlà kò fi lè dúró fún moksha nígbà gbogbo. Ó lè bá èrò Ramanuja mu, nítorí pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run wà nínú ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Lójú Shankara, ìmọ̀ ni ó ń tú ènìyàn sílẹ̀.

Dharma nílé ẹjọ́

Ní ọdún 1772, Warren Hastings, tí ó ń ṣàkóso Bengal fún ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí a mọ̀ sí East India Company, ṣètò pé ìwé òfin àwọn Híńdù ni kí a máa fi dá ẹjọ́ wọn lórí ìgbéyàwó àti ogún. Ọ̀mọ̀wé Brahmin 11 ni a kó jọ láti ṣàkójọ òfin náà ní Sanskrit. A túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Páṣíà, Nathaniel Halhed sì túmọ̀ ti Páṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1776. Ní ọdún 1794, ìtumọ̀ ìwé Manu tí William Jones ṣe jáde. Báyìí ni dharma ṣe di òfin lójú adájọ́. Àṣà ìgbéyàwó àti ogún yàtọ̀ láti agbègbè kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìwé gba agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1864, a mú àwọn ọ̀mọ̀wé Brahmin kúrò ní kóòtù, àwọn adájọ́ sì ń fi ìwé tí a ti túmọ̀ àti ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá ṣe ẹjọ́.

Àwọn tí òfin ìpele ìbí ń ni lára kò dákẹ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Bhimrao Ramji Ambedkar, tí a bí sínú ìdílé àwọn tí a kò gbọdọ̀ fara kàn. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, ọdún 1927, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáná sun ìwé Manu ní Mahad. Ní ọdún 1936, ó kọ̀wé pé bí a kò bá kọ àṣẹ irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ìpele ìbí kò ní í parẹ́. Mohandas Gandhi ta kò ó. Lójú tirẹ̀, ìpele ìbí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn. Ambedkar ni alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ àbá òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1950, abala 17 inú rẹ̀ sì fòpin sí àṣà àìgbọdọ̀-fara-kàn. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 1956, ó di ẹlẹ́sìn Búdà ní Nagpur. A ó ṣàkíyèsí pé kò ju ọ̀rọ̀ náà nù. Dhamma, bí Ashoka ti pè é, wà nínú àkọlé ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1957 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní ọdún 1976, a fi kún òfin ìpìlẹ̀ náà pé Íńdíà jẹ́ orílẹ̀-èdè tí kò gbè sẹ́yìn ẹ̀sìn kankan. Dharmanirpeksh ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń sọ èdè Hindi fún èrò yìí. Síbẹ̀, panthnirpeksh ni ó wà nínú òfin náà ní èdè Hindi; panth ni ọ̀nà ìjọsìn. Ìjọba lè yẹra fún ọ̀nà ìjọsìn. Ṣùgbọ́n bí dharma bá jẹ́ òdodo àti ojúṣe, ó ṣòro kí ìjọba tó sọ pé òun kò ní í dá sí i.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwa náà mọ ohun tí ìtumọ̀ kan ṣoṣo lè dá sílẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ti fi Èṣù dúró fún Sátánì, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò mọ òrìṣà náà mọ́ bí àwọn baba wọn ṣe mọ̀ ọ́n. Kò tọ́ kí a ṣe irú rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Àbá mẹ́ta ni a dá fún àwọn tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Èkíní, kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí a sì ṣe àlàyé lé e lórí. Èkejì, kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní orírun rẹ̀: gbé ró, ṣe, ṣàn, tú sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a máa béèrè ẹni tí ó lò ó àti ìgbà tí ó lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ìwé Manu fi de Shudra mọ́ iṣẹ́ ìsìn ni Ambedkar tún gbà mú nígbà tí ó ń wá òmìnira ti ní òye ìtàn ju ẹni tí ó kọ́ ọ sórí pé dharma ni ẹ̀sìn.