Yuletide: Orúkọ Àtijọ́, Ọdún Tuntun

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lórí káàdì, nínú ìwé ìròyìn àti lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò: Yuletide. Àwọn kan ń fi kí èèyàn. Àwọn mìíràn ní ká má pè é mọ́, pé ọ̀rọ̀ abọ̀rìṣà ni. Ta ló jàre? Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

"Tide" tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti omi òkun o. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, "àkókò" ló túmọ̀ sí. "Yule" gan-an ló ni ìtàn. Ní ọdún 725, Bede, àlùfáà kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń ka ìgbà. Ó ní kí àwọn èèyàn òun tó gba ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì, "Giuli" ni wọ́n ń pe oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, torí ìgbà yẹn ni oòrùn máa ń yí padà, tí ọ̀sán á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Ní Norway, "jól" ni wọ́n ń pe tiwọn. Wọ́n á pa ẹran, wọ́n á mu ọtí, wọ́n á bọ òrìṣà. Kódà, Jólnir wà lára orúkọ Odin, olórí òrìṣà wọn. Ní ọ̀rúndún kẹwàá, Hákon jọba níbẹ̀. Ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, onígbàgbọ́ sì ni, àmọ́ abọ̀rìṣà ni àwọn ará ìlú rẹ̀. Snorri Sturluson, òpìtàn ọmọ Iceland, kọ ọ́ pé ńṣe ni ọba pàṣẹ pé kí jól àti Kérésìmesì bọ́ sí àkókò kan náà, kí kálukú ní ọtí nílé, kí wọ́n sì máa ṣọdún títí ọtí á fi tán. Ọjọ́ ló yí, kò gba orúkọ lẹ́nu wọn. Títí dòní, "God jul" ni wọ́n fi ń kíra wọn kú ọdún Kérésìmesì ní Norway àti Sweden.

Àwa náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tá a fi ń pe ọdún Egúngún àti ọdún Ọ̀ṣun náà la fi ń pe ọdún Iléyá àti ọdún Kérésìmesì. Àwọn baba wa ti ń ṣọdún kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé, síbẹ̀ kò sí onígbàgbọ́ tí "ẹ kú ọdún" ń bí nínú. Ohun tí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ lónìí bá ní lọ́kàn ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká ju Yuletide nù torí ibi tó ti wá, kó kọ́kọ́ sọ ohun tá a máa fi rọ́pò "ẹ kú ọdún" fún wa.

Ẹ kú ọdún o. Ọdún á yabo.