Omi Ló Dànù, Agbè Ò Fọ́

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Bí ìkókó bá kú tí ìyá rẹ̀ sì yè, òwe tí àwọn àgbà fi ń ṣìpẹ̀ fún un nìyí. Agbè ni ìyá, omi ni ọmọ. Agbè tí ò fọ́ á tún dé odò. Òwe àánú ni, torí ìyá àti ọmọ lè jọ bá ìkúnlẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ: agbè nìkan ló ń tù nínú. Omi tó dànù yẹn ti ní orúkọ, ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀.

Òkú arúgbó là ń náwó sí. Tọmọdé, wọ́n á yára sin ín, òbí kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ní Ìkirè àti Àpòmù, aládùúgbò á ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ọlọ́run á rẹ̀ yín lẹ́kún." Wọ́n á ní kí ìyá nu ojú nù, kó má baà dí ọ̀nà ọmọ mìíràn. Láìpẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá kí wọn á dá, ẹnikẹ́ni ò sì ní dárúkọ ọmọ mọ́. Mi ò bá wọn wí. Ìbẹ̀rù àbíkú ló kọ́ wọn.

Ọ̀nà mìíràn wà láti tu irú òbí bẹ́ẹ̀ nínú. Ní 1968, ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọkùnrin méjì kú. Àlùfáà Simon Stephens mú àwọn òbí wọn mọ ara wọn, ó sì rí i pé wọ́n tu ara wọn nínú ju bí òun ṣe lè tù wọ́n lọ. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ The Compassionate Friends ti jáde ní 1969. Lónìí, fóònù ti gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wọlé. A nílò rẹ̀: ìwádìí ìlera Nàìjíríà ti 2018 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ló ń kú nígbà náà kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń dín dòdò Ìkirè. Lọ́sàn-án, ó ń po ata mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, iṣẹ́ ò jẹ́ kó ronú. Lóru, ọmú rẹ̀ á kún, á máa kán sára aṣọ, ẹni tí yóò mu ún kò sí. Ta ni yóò lọ jí láago méjì òru? Ó lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sáàárín àwọn ìyá tí omi ti dànù fún rí. Ohùn dára jù, torí kò dìgbà tí èèyàn bá mọ̀wé. Kí oníwàásù àti olóògùn má ráàyè níbẹ̀. Kí àwọn bàbá náà ní tiwọn, torí "ọkùnrin kì í sunkún" ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ tipẹ́.

Ẹni tó bá sì máa dá ìyá yẹn lóhùn láti Àpòmù, kó má bẹ̀rẹ̀ látorí agbè. Kó kọ́kọ́ bi í pé: "Kí lẹ sọ ọ́? Ta ló fi ojú jọ?"