Àwọn Òǹwòran Ilé Ópẹ́rà La Scala ní Ìlú Milan

La Scala, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ Teatro alla Scala, ni ilé ópẹ́rà tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ Ítálì. Ìlú Milan, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ni ó wà. Ópẹ́rà jẹ́ eré orí ìtàgé tí àwọn òṣèré ti ń fi orin sọ ọ̀rọ̀ wọn, tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo ohun èlò orin sì ń gbè wọ́n lẹ́yìn. Àwọn tó mọ eré Hubert Ogunde àti ti Duro Ladipo ní Nàìjíríà yóò rántí pé àwọn òǹkọ̀wé kan lo orúkọ yìí kan náà fún eré olórin tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà wọn yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Ẹwà La Scala àti ohùn àwọn olórin rẹ̀ ti mú kí a máa kọ̀wé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ibẹ̀ pẹ̀lú ní ìtàn tiwọn. Ó ti lé ní igba ọdún tí wọ́n ti ń fi àtẹ́wọ́ gbé olórin ga, tí wọ́n sì ń fi súfèé àti ariwo lé ẹlòmíràn kúrò lórí ìtàgé.

Ìdásílẹ̀ ilé náà àti ètò ìjókòó rẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 1776, iná jó ilé eré ńlá tó wà ní Milan. Abẹ́ ìjọba Ọ́stríà ni ìlú náà wà nígbà náà, Ọbabìnrin Maria Theresa ló sì fọwọ́ sí i pé kí a kọ́ òmíràn. Giuseppe Piermarini ni ó ya àwòrán ilé tuntun náà. Orí ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria alla Scala wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí, láti ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1778 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú eré L'Europa riconosciuta tí Antonio Salieri ṣẹ̀dá orin rẹ̀.

Àwọn ìdílé ọlọ́lá ìlú náà ni wọ́n dá owó tí a fi kọ́ ilé náà. Gẹ́gẹ́ bí èrè owó wọn, wọ́n di onílé àwọn yàrá kéékèèké tó yí gbọ̀ngàn náà ká ní ìpele-ìpele. Nínú yàrá wọ̀nyí ni wọ́n ti ń gba àlejò, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n sì ń jíròrò òwò àti ìgbéyàwó nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n tún ń ta tẹ́tẹ́ nínú ọgbà ilé náà. Bí orin kan bá wù wọ́n, wọn a dákẹ́ gbọ́ ọ. Bí kò bá wù wọ́n, wọn a padà sí ọ̀rọ̀ wọn.

Òkè pátápátá, lábẹ́ àjà, ni àwọn ìjókòó olówó pọ́ọ́kú wà. Loggione ni wọ́n ń pè é, àwọn tó ń jókòó síbẹ̀ sì ń jẹ́ loggionisti. Akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn olùfẹ́ orin tí kò ní owó púpọ̀ ló ń kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ orin eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì mọ bí àwọn olórin àtijọ́ ṣe kọ ọ́. Nítorí náà, olórin tó bá ṣi ohùn gbé ní La Scala kì í bẹ̀rù àwọn tó wọ aṣọ olówó iyebíye nísàlẹ̀ tó bí ó ti ń bẹ̀rù àwọn tó wà lókè.

Verdi: ìtìjú àti ògo

Ìtàn Giuseppe Verdi fi hàn bí ìdájọ́ òǹwòran ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ ènìyàn run. Ópẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́, Oberto, rí ojú rere díẹ̀ ní La Scala ní ọdún 1839. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1838 sí 1840, ikú pa ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó sì tún pa ìyàwó rẹ̀, Margherita. Nínú ọ̀fọ̀ yẹn ni ó parí eré apanilẹ́rìn-ín kan, Un giorno di regno, nítorí àdéhùn tó ti ṣe pẹ̀lú ilé eré náà. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1840, àwọn òǹwòran súfèé lé e lórí, wọn kò sì tún un ṣe mọ́ ní àkókò náà. Verdi fẹ́ fi iṣẹ́ orin sílẹ̀ pátápátá.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́fà lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 1842, ilé kan náà gbọ́ Nabucco, ìtàn àwọn Hébérù tí a kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì. Àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà sọ Verdi di gbajúmọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ítálì. Ìtàn kan gbilẹ̀ pé ní alẹ́ yẹn, àwọn òǹwòran fi ipá béèrè pé kí a tún orin àwọn ẹrú, Va, pensiero, kọ, láti fi ìkórìíra wọn sí ìjọba Ọ́stríà hàn. Onímọ̀ orin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Roger Parker, yẹ ìwé ìròyìn ìgbà náà wò, ó sì rí i pé orin ìyìn sí Ọlọ́run tó wà ní apá ìkẹyìn eré náà ni wọ́n tún kọ. Nígbà tó yá ni àwọn ará Ítálì sọ orin àwọn ẹrú di àmì ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí Verdi kú ní ọdún 1901, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gbọ́ orin náà ní ìgboro Milan níbi ìsìnkú rẹ̀, Arturo Toscanini ni ó sì darí àwọn akọrin.

Kì í ṣe pé òṣèlú kò wọ inú ilé náà rárá. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1859, nígbà tí ogun láàárín Ọ́stríà àti àwọn tó fẹ́ òmìnira Ítálì ti súnmọ́ tòsí, wọ́n ń ṣe Norma, eré Vincenzo Bellini. Nígbà tó kan orin ogun inú rẹ̀, àwọn òǹwòran dìde, wọ́n sì bá àwọn akọrin kọ ọ́ lójú àwọn ọ̀gá ológun Ọ́stríà tó jókòó sínú gbọ̀ngàn. Kí ọdún náà tó parí, Ọ́stríà ti pàdánù Milan. Norma yìí kan náà kò rí àtẹ́wọ́ púpọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní La Scala ní ọdún 1831.

Boito àti Puccini

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 1868, Arrigo Boito fúnra rẹ̀ darí eré rẹ̀, Mefistofele. Eré náà gùn ju wákàtí márùn-ún lọ, ìlànà orin rẹ̀ sì ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó kórìíra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ara wọn, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi dá eré náà dúró. Boito gé e kúrú, ó tún un ṣe, nígbà tí wọ́n sì ṣe é ní Bologna ní ọdún 1875, àwọn ènìyàn gbà á tayọ̀tayọ̀.

Èyí tó lókìkí jù lọ nínú irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti Madama Butterfly, tí Giacomo Puccini ṣẹ̀dá orin rẹ̀. Puccini ti gbajúmọ̀ kí ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 1904 tó dé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé iṣẹ́ yìí ló dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orin ti ń lọ, àwọn kan kígbe pé La Bohème, eré rẹ̀ àtijọ́, ni wọ́n tún ń gbọ́. Nígbà tí atẹ́gùn fẹ́ aṣọ Rosina Storchio, obìnrin tó ń ṣe Butterfly, ẹnì kan kígbe pé ó ti lóyún. Wọ́n ti ṣètò pé kí ohùn ẹyẹ dún nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ nínú eré náà. Àwọn òǹwòran dá a lóhùn pẹ̀lú igbe oríṣiríṣi ẹranko. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn ọ̀tá Puccini ló ṣètò apá kan nínú ariwo náà. Síbẹ̀, apá kejì eré náà gùn ju bí àwọn ará Ítálì ṣe lè fara dà lọ.

Puccini kó eré náà kúrò lẹ́yìn alẹ́ kan ṣoṣo, ó sì dá owó ilé eré padà. Ó pín apá kejì sí méjì, ó sì tún àwọn ibòmíràn ṣe. Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún yẹn kan náà, wọ́n ṣe é ní ìlú Brescia, àṣeyọrí rẹ̀ sì pọ̀. Lónìí, ó wà lára àwọn ópẹ́rà tí wọ́n ń ṣe jù lọ ní àgbáyé.

Toscanini àti ìbáwí òǹwòran

Toscanini, tó di olùdarí àgbà ẹgbẹ́ olórin La Scala ní ọdún 1898, gbìyànjú láti yí ìwà àwọn òǹwòran padà. Ó fẹ́ kí wọ́n pa iná gbọ̀ngàn nígbà eré, kí àwọn obìnrin ṣí fìlà wọn kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran, kí olórin má sì máa tún orin kọ nítorí àtẹ́wọ́. Ní ọdún 1903, nígbà tí wọ́n ń ṣe Un ballo in maschera, àwọn òǹwòran kò yé pariwo pé kí Giovanni Zenatello tún orin rẹ̀ kọ. Inú bí Toscanini, ó fi ilé eré náà sílẹ̀, ọdún 1906 ni ó sì tó padà. Ìlànà rẹ̀ ni ó borí níkẹyìn: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ di àṣà nígbà eré, ariwo sì di ohun tí a ń fi pa mọ́ di òpin orin.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì

Bọ́ǹbù ba ilé náà jẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1943. Wọ́n tún un kọ́, Toscanini sì darí orin ìṣílé ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946. Láti ọdún 1951, ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, tí í ṣe ọjọ́ Ambrose Mímọ́, alábòójútó ìlú Milan, ni àkókò eré tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ yẹn di ibi tí àwọn olówó àti olóṣèlú ti ń fara hàn, ó sì di ibi ìfẹ̀hónúhàn. Ní ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ju ẹyin lu àwọn tó wọ aṣọ onírun olówó ńlá bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ní ọdún 2023, nígbà tí orin orílẹ̀-èdè parí, ọkùnrin kan kígbe láti òkè pé kí Ítálì tó kọ ìjọba fásísìtì pẹ́. Àwọn ọlọ́pàá gba orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, èyí sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Àwọn loggionisti kò sì tíì dẹwọ́. Ní ọdún 1992, wọ́n hó lé Luciano Pavarotti lórí nígbà tí ohùn rẹ̀ já nínú Don Carlo. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun ṣàṣìṣe. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 2006, wọ́n pariwo lé Roberto Alagna lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ Aida. Ó gbé ọwọ́ sókè kí wọn, ó sì jáde kúrò lórí ìtàgé. Orin kò dúró. Antonello Palombi, tó wà ní ìmúrasílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ ìgboro tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì bá eré náà lọ.

Ìtumọ̀ ìtàn yìí

Kì í ṣe gbogbo ariwo inú ilé eré ló ti ọkàn àwọn òǹwòran wá. Àwọn kan wà nígbà àtijọ́ tí olórin ń sanwó fún kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn alátakò sì lè sanwó fún súfèé. Nítorí náà, òpìtàn tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ kan ṣe níyì tó gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn, ohun tó bá wá, àti ohun tó ń lọ ní ìgboro. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Norma, Mefistofele àti Madama Butterfly jẹ́ ẹ̀rí pé alẹ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ẹjọ́ orin. Síbẹ̀, ìdájọ́ alẹ́ kan náà ló mú kí Boito àti Puccini padà sí ìdí iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n tún ṣe ni àwọn òǹwòran sì ń gbọ́ títí di òní.