Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Kọ́ Ló Ń Ba Oyún Jẹ́

Bí oyún bá ti wálẹ̀ lára obìnrin lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìbáà ṣe ní Ifẹ̀-Olúkòtún tàbí níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya náà kò bára mu. Àwọn tó kàwé díẹ̀ ti wọ aṣọ ìgbàlódé fún un: wọ́n ní àwọn ọmọ-ogun ara ìyá ló ń lé ọmọ jáde, torí pé ìdajì ọmọ jẹ́ ti bàbá, àti pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ọkọ ṣe ni yóò pẹ̀tù sí wọn nínú.

Èrò òpè kọ́. Láti 1953 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Peter Medawar ti béèrè ìdí tí ara ìyá kì í fi í lé ọmọ dànù bí àjèjì. Ní 1985, Mowbray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àbájáde kan jáde: nínú obìnrin 22 tó gba sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ wọn, oyún 17 yọrí sí rere, nínú 27 tó gba tara wọn, 10 péré. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sáré wá abẹ́rẹ́? Ṣùgbọ́n obìnrin 49 kò pọ̀. Nígbà tí Ober àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí àbájáde jáde ní 1999, ọ̀rọ̀ yí bìrí: 31 nínú 86 tó gba abẹ́rẹ́ ọkọ ló yege, 41 nínú 85 tí wọ́n gún ní omi iyọ̀ lásán. Ní 2002, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n má lò ó mọ́ àfi nínú ìwádìí tí àwọn bá fọwọ́ sí.

Kí ló dé tí àwọn kan ṣì ń jẹ́rìí sí i? Ọ̀pọ̀ obìnrin tí oyún ti bàjẹ́ lára wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí dókítà kò rí ìdí rẹ̀, ni yóò bímọ bí wọ́n bá tún lóyún, wọn ìbáà gba abẹ́rẹ́, wọn ìbáà má gbà á. Ẹni tó gún un ló kàn ń gba ọpẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ tọkọtaya tí Rhesus rẹ̀ kò bára mu wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà ba oyún oṣù kejì tàbí ìkẹta jẹ́. Ọmọ tó ti ń gbó nínú ló ń bá jà, pàápàá lẹ́yìn àkọ́bí. Jẹnotáìpù AS pẹ̀lú AS náà kọ́ ló ń ba oyún jẹ́, ọmọ tí wọ́n bá bí ló kàn.

Èyí tó yẹ kí a máa wá ni àìsàn antiphospholipid, níbi tí ara ìyá ti ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tó sì ń ba ibi ọmọ jẹ́. Ọkọ kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí Rai ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1997, 32 nínú obìnrin 45 tó lo asipirínì pẹ̀lú heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló bí ọmọ láàyè. Asipirínì nìkan, 19 nínú 45. Ẹni tó bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ní Ègbè ni o tàbí Lọ́kọ́ja, kó béèrè nípa àyẹ̀wò rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán, nítorí àrùn tó kàn ń kọjá lọ lè mú kí ti àkọ́kọ́ ṣini lọ́nà.