Bí Àwọn Aláìsàn Ṣe Kọ́ Èdè Oògùn

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, ẹ óò rántí bí a ṣe máa ń tú "aláìsàn" palẹ̀: oní + àìsàn, àìsàn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àì + sàn. Ohun tí onítọ̀hún kò ní nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ. Ohun tó mọ̀ ńkọ́? Kò sí níbẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1983, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n ní àrùn éèdì pàdé ní Denver, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ìwé kékeré kan. Ọ̀rọ̀ pípè ni wọ́n kọ́kọ́ gbà mú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn bí ẹni tí àrùn ti ṣẹ́gun. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan péré ni àwọn jẹ́ aláìsàn. Ènìyàn tó ní éèdì ni àwọn. Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìpinnu.

Ta ló fẹ́ gbà fún wọn? Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn àti ìjọba ló ń pinnu bí wọn yóò ṣe dán oògùn wò, ilé-iṣẹ́ ló sì ń dá iye lé e. Ní oṣù Kẹta 1987, àjọ FDA fọwọ́ sí AZT ti Burroughs Wellcome, oògùn àkọ́kọ́ fún àrùn náà. Owó rẹ̀ sún mọ́ $10,000 lọ́dún fún ẹnì kan! Oṣù yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ ACT UP sílẹ̀ ní New York. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1988, wọ́n ya bo olú ilé-iṣẹ́ FDA ní Rockville, àwọn ọlọ́pàá sì kó èèyàn tó lé ní 170.

Ariwo ọjọ́ yẹn ni gbogbo ayé rántí. Èmi o, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ló wù mí jù. Iris Long, onímọ̀ kẹ́mísírì tó ti ṣiṣẹ́ nídìí oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló ń kọ́ wọn bí ìdánwò oògùn ṣe ń lọ. Mark Harrington, tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rárá, wá ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé e jọ, ó wá ìtumọ̀ wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn yòókù. Ẹ wò ó, iṣẹ́ wa nìyẹn!

Nígbà tí wọ́n gbọ́ èdè náà tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé àwọn oníṣègùn. Kí ló dé tí ẹni tó bá wọ ìdánwò fi ní láti pa oògùn mìíràn tó ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí tì? Ẹni tó ń kú lọ, ṣé ó dáa kí a fún un ní oògùn asán nítorí ìṣirò? Àwọn obìnrin dà? Nígbà tó fi di 1990, wọ́n ti ń gba aṣojú wọn wọlé sínú àwọn ìgbìmọ̀ ìdánwò oògùn éèdì tí ìjọba ń náwó lé.

Ti owó, ẹ jẹ́ n má purọ́, kì í ṣe ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló yanjú ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 1989, àwọn méje wọ ọjà ìpín ìdókòwò New York, wọ́n so ara wọn mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ náà fi gé ìdá márùn-ún kan kúrò nínú iye AZT.

Nílé wa ńbí, àrùn kògbóògùn la sọ ọ́: àrùn tí kò gbọ́ oògùn. Láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn ti ń ká kòkòrò rẹ̀ lọ́wọ́ kò, àwọn tó ń lò ó dáadáa sì ń darúgbó. Èmi náà fi orúkọ yẹn kọ́ kíláàsì lọ́pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ìtúpalẹ̀ rẹ̀ lójú pátákó. Mi ò bi ẹnikẹ́ni tó ní àrùn náà léèrè rí.